Wọ́n ní àkọsílẹ̀ kírẹ́díìtì mi kò dáa: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Àdùnní B.
Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Mo kọ̀wé sí báńkì pé mo fẹ́ yáwó ra ọkọ̀. Èsì tí wọ́n fún mi ni pé kò ní ṣeé ṣe nítorí ohun tí wọ́n rí nínú credit report mi. Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi tí mo mọ̀ pé gbogbo gbèsè tí mo jẹ ni mo san! Ta ló ń kọ nǹkan nípa mi? Ibo ni wọ́n ń kọ ọ́ sí? Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n rí i? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ní kí n lọ gbé máàkì mi sókè. Ẹ ṣàlàyé fún mi láti ìpìlẹ̀.

Olùṣírò
Ẹ pẹ̀lẹ́, Àdùnní. Mo ti jókòó sídìí tábìlì àwọn tó ń yáni lówó rí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí láti ọ̀hún.

Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa kó ìròyìn jọ nípa ẹni tó yáwó àti bó ṣe ń san án. Biúrò kírẹ́díìtì ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọn kì í yáni lówó, wọn kì í sì í pàṣẹ fún báńkì pé kó yáni tàbí kó má yáni. Àwọn ayánilówó fúnra wọn ló ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí wọn, lóṣooṣù lọ́pọ̀ ìgbà: lágbájá yá iye báyìí, iye báyìí ló kù, ó san ti oṣù yìí tàbí kò san án. Biúrò á tò ó sábẹ́ orúkọ yín. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá lọ yáwó níbòmíì, ẹni tẹ́ ẹ lọ bá á sanwó fún biúrò, á sì ka ohun tí àwọn tẹ́ ẹ ti bá lò rí sọ nípa yín.

Ní Amẹ́ríkà, Equifax, Experian àti TransUnion ló gbajúmọ̀ jù nídìí iṣẹ́ náà. Àwọn mẹ́ta yìí náà ló wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Kánádà, Equifax àti TransUnion ni. Ní Nàìjíríà, CRC, FirstCentral àti CreditRegistry ni. Kì í ṣe gbogbo ayánilówó ló ń ránṣẹ́ sí gbogbo wọn, nítorí náà ohun tó wà lọ́wọ́ ọ̀kan lè má sí lọ́wọ́ èkejì. Ẹ má ka ẹyọ kan kẹ́ ẹ sinmi.

Ohun tó wà nínú ẹ̀: orúkọ yín, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì tẹ́ ẹ ti gbé rí, nọ́ńbà ìdánimọ̀. Lẹ́yìn náà, gbèsè kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tẹ́ ẹ gbà á, iye tó jẹ́, iye tó kù, bẹ́ ẹ ṣe san án láti oṣù dé oṣù. Orúkọ gbogbo ẹni tó ti wá bèèrè àkọsílẹ̀ yín tún wà níbẹ̀. Owó tẹ́ ẹ fi pamọ́ sí báńkì kò sí níbẹ̀, ẹ̀sìn yín kò sí níbẹ̀, ẹni tẹ́ ẹ dìbò fún kò sí níbẹ̀.

Máàkì ńkọ́? Nọ́ńbà tí wọ́n ṣírò látinú àkọsílẹ̀ yẹn ni. Ti FICO tí àwọn báńkì Amẹ́ríkà ń lò jù ti wà láti 1989, ó sì ń lọ láti 300 dé 850. Àmọ́ máàkì pọ̀ lóríṣiríṣi, ti áàpù inú fóònù yín lè yàtọ̀ sí èyí tí báńkì wò. Bí ìròyìn tí wọ́n fi ṣírò bá ní àṣìṣe, kò sí ọgbọ́n kan tẹ́ ẹ lè dá sí nọ́ńbà náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún èèyàn pé kí wọ́n fi máàkì sílẹ̀ ná, kí wọ́n lọ ka ìwé.

Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ ṣe: ẹ bi báńkì yẹn léèrè biúrò tí wọ́n lò. Bẹ́ ẹ bá wà ní Amẹ́ríkà, òfin ló ní kí wọ́n sọ ọ́ fún yín, ẹ sì ní ọgọ́ta ọjọ́ láti gba ẹ̀dà ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ biúrò náà.

Tèmilọ́rùn
Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ wà fún gbogbo èèyàn o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó lọ́wọ́ yín. Ní Amẹ́ríkà, AnnualCreditReport.com ni ojúlé tí òfin mọ̀, ẹ lè wo ti biúrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo biúrò gbọ́dọ̀ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ bẹ́ ẹ bá bèèrè. Ní Nàìjíríà, òfin kírẹ́díìtì ti 2017 fún oníkálùkù ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́ kan lọ́dún. Ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì ojúlé. Àwọn ojúlé tí orúkọ wọn jọ ọ́ pọ̀ bí eṣú, wọ́n á kọ "ọ̀fẹ́" gàdàgbà, wọ́n á sì tún ní kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà káàdì yín sílẹ̀.

Ẹyẹlé
Ìbéèrè kékeré. Wọ́n sọ fún mi pé bí èèyàn bá ń wò ó ní gbogbo ìgbà, máàkì á máa já wálẹ̀. Ìyẹn ni mi ò ṣe sún mọ́ ọn.

Olùṣírò
Kò rí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fi ojú ara yín wo tiyín, kò dín ohunkóhun kù. Èyí tó lè dín in kù díẹ̀ ni kí ayánilówó wò ó nítorí pé ẹ wá yáwó lọ́wọ́ ẹ̀. Irú ìyẹn máa ń wà nínú àkọsílẹ̀ fún ọdún méjì ní Amẹ́ríkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ọdún kan péré ni FICO ń kà. Ẹ tún gbọ́: bẹ́ ẹ bá ń wá owó ọkọ̀ tàbí owó ilé, tẹ́ ẹ lọ bèèrè èlé lọ́wọ́ báńkì bíi mélòó kan láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ẹyọ kan ni FICO á ka gbogbo ẹ̀ sí. Nítorí náà, ẹ yẹ ọjà wò dáadáa, àmọ́ ẹ má fà á gùn.

Àdùnní B.
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti gba tèmi, orí mi sì ń fò lọ́ báyìí. Ohun mẹ́ta ni mo rí tí kò yé mi. Àkọ́kọ́, wọ́n kọ orúkọ mi lóríṣi mẹ́ta. Èkejì, owó kan tí mo ti san tán pátápátá, wọ́n ṣì kọ ọ́ pé mo jẹ ẹ́, pé ó ti kọjá ọjọ́. Ẹ̀kẹta, gbèsè kan wà níbẹ̀ tí èmi ò mọ̀ rí, mi ò mọ ilé-iṣẹ́ náà, mi ò mọ àdírẹ́sì tí wọ́n fi gbà á.

Akọ̀wé Àgbà
Àdùnní, àbúrò mi, ọkàn rẹ balẹ̀. Èmi àti ilé-iṣẹ́ ayánilówó kan ti jọ wọ ṣòkòtò kan náà lórí irú èkejì yẹn, tí mi ò ní dárúkọ wọn. Àrùn mẹ́ta lo dárúkọ, oògùn wọn ò pa pọ̀.

Ti orúkọ: àwa ni ọ̀rọ̀ yìí bá jù. Orúkọ wa gùn, a ní ju ẹyọ kan lọ. Akọ̀wé kan á kọ Olúwáfúnmiláyọ̀, òmíràn á kọ Fúnmi, ẹ̀kẹta á fi orúkọ bàbá ṣáájú. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, orúkọ míì tún wọlé. Bàbá àti ọmọ tún lè máa jẹ́ orúkọ kan náà nínú ilé kan náà. Kọ̀ǹpútà biúrò ń gbìyànjú láti so gbogbo ẹ̀ pọ̀ ni, ó sì máa ń so ti ẹlòmíì mọ́ tiwa nígbà míì. Orúkọ tí wọ́n kọ ségesège nìkan kì í ba nǹkan jẹ́, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá ibẹ̀ ni gbèsè tí o kò mọ̀ yẹn ti wọlé. Láti ìsinsìnyí lọ, orúkọ tó wà nínú ìwé ìdánimọ̀ rẹ ni kí o máa kọ níbi gbogbo, lẹ́tà sí lẹ́tà.

Ti gbèsè tí o ti san: ayánilówó ni kò fi ìròyìn tuntun ránṣẹ́. Biúrò ò lè mọ̀ pé o ti san án. Wá ẹ̀rí: rìsíìtì, àkọsílẹ̀ báńkì tó fi owó tó jáde hàn, àti pàápàá jù lọ lẹ́tà tí wọ́n fi sọ pé o kò jẹ wọ́n mọ́. Bí wọn ò bá tíì fún ẹ ní lẹ́tà yẹn, lọ gbà á. Kí a tiẹ̀ sọ òtítọ́, ọjọ́ tí èèyàn bá san gbèsè tán ló yẹ kó gba lẹ́tà náà, kó tó kúrò níwájú wọn.

Wàyí o, ìwé kíkọ. Ọ̀nà méjì ni kí o kọ ọ́ sí, biúrò àti ayánilówó. Àwọn kan ń kọ ọ́ sí biúrò nìkan, biúrò á bi ayánilówó, ayánilówó á wo ìwé àtijọ́ kan náà, á ní "bó ṣe wà ló wà", ọ̀rọ̀ parí. Bí ayánilówó fúnra ẹ̀ bá ní ẹ̀rí rẹ lọ́wọ́, kò rọrùn fún un láti tún sọ bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé náà, má bínú, má sọ ìtàn. Kọ nọ́ńbà àkáǹtì, kọ ohun tí wọ́n kọ tí kò tọ̀nà, kọ ohun tó yẹ kí wọ́n kọ, kí o sì so ẹ̀dà ẹ̀rí mọ́ ọn. Ẹ̀dà ni mo wí, ojúlówó kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ. Bí àṣìṣe bá ju ẹyọ kan lọ, ya ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, nítorí pé bí o bá dà wọ́n pọ̀, èyí tó rọrùn ni wọ́n á tún ṣe, wọ́n á gbàgbé èyí tó le.

Òfin Amẹ́ríkà fún biúrò ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti wádìí, ó lè di 45 nígbà míì. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí ọjọ́ 28 ni. Kọ ọjọ́ tí o fi í ránṣẹ́ sílẹ̀.

Tèmilọ́rùn
Bí wọ́n bá wá sọ pé àwọn ti wádìí, pé kò sí àṣìṣe ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?

Akọ̀wé Àgbà
Bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi wádìí, lọ́wọ́ ta sì ni. Wá ẹ̀rí tó tún lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ, kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹjọ́ kàn àwọn aláṣẹ: CFPB ní Amẹ́ríkà, Financial Ombudsman nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ka tó ń gbèjà oníbàárà ní báńkì àpapọ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ tún lè fi ọ̀rọ̀ tiyín sínú àkọsílẹ̀ náà kí ẹni tó bá ń kà á lè gbọ́ tẹnu yín. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tó tó 200 ni wọ́n gbà. Tèmi ni pé kí ẹ fi ìyẹn ṣe ìkẹyìn, torí kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò máàkì kì í ka àlàyé.

Ohun kan tí àwọn èèyàn kì í ṣe: bí wọ́n bá tún un ṣe tán, kí o padà lọ wò ó lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan. Ó máa ń padà wá. Ayánilówó á tún fi fáìlì àtijọ́ ránṣẹ́, àṣìṣe á tún jí.

Amòfin Kékeré
Lórí gbèsè kẹta, èyí tí Àdùnní ò mọ̀. Ẹ má tètè pariwo olè. Kọ́kọ́ wò ó bóyá ilé-iṣẹ́ tẹ́ ẹ mọ̀ ló ta gbèsè fún ẹlòmíì. Àwọn ayánilówó máa ń ta gbèsè tó ti pẹ́ fún àwọn tó ń bá wọn sin owó, orúkọ ẹni tó rà á ló sì máa ń hàn. Ẹ tún wò ó bóyá ẹ ti dúró fún ẹnì kan rí. Onídùúró tó fọwọ́ síwèé pẹ̀lú ayáwó ti di ayáwó fúnra ẹ̀, gbèsè náà sì lè hàn lábẹ́ orúkọ ẹ̀ bí ẹni pé òun ló ná an.

Bí méjèèjì bá ti yẹ̀, ẹnì kan lè ti fi orúkọ yín yáwó nìyẹn. Ẹ fi tó ọlọ́pàá létí kẹ́ ẹ gba ìwé ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó yá owó náà pé kì í ṣe ẹ̀yin, kẹ́ ẹ sì ti ilẹ̀kùn kí òmíràn má wọlé. Ẹ má san kọ́bọ̀ kan níbẹ̀ "kó lè kúrò ńlẹ̀". Bẹ́ ẹ bá san án, ẹ ti gbà pé tiyín ni.

Ẹyẹlé
Ilẹ̀kùn wo ni kí wọ́n tì?

Amòfin Kékeré
Títi àkọsílẹ̀ pa ni mò ń wí. Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù kẹsàn-án 2018, ọ̀fẹ́ ni gbogbo biúrò ń bá èèyàn tì í. Bó bá ti wà ní títì, ayánilówó tuntun ò lè rí i, ayánilówó tí kò sì rí i kì í sábà ṣí àkáǹtì fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tẹ́ ẹ ti ń bá lò tẹ́lẹ̀ ò ní ìṣòro, máàkì ò sì ní já. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ yáwó, ẹ ṣí i. Bẹ́ ẹ bá ṣe é lórí ayélujára tàbí fóònù, wákàtí kan ni òfin fún wọn. Ẹ rántí pé biúrò kọ̀ọ̀kan lẹ máa lọ bá, bẹ́ ẹ bá ti ọ̀kan, méjì tó kù ṣì wà ní gbayawu. Àwọn òbí náà lè ti tọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 pa, torí nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọdé dùn mọ́ àwọn oníjìbìtì: ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò kọjá kí ẹnikẹ́ni tó wò ó.

Ìkìlọ̀ jìbìtì yàtọ̀ síyẹn. Kì í ti ilẹ̀kùn, ó kàn ń sọ fún ayánilówó pé kó dá ẹni tó wà níwájú ẹ̀ mọ̀ dáadáa kó tó fún un lówó. Ọdún kan ló ń wà, bẹ́ ẹ bá fi tó biúrò kan létí, òun ló máa sọ fún àwọn yòókù.

Èmi fúnra mi, mo rò pé kí gbogbo ẹni tó bá ní àǹfààní ẹ̀ ti tiẹ̀ pa láìdúró de olè. Ní 2017, àwọn kan já wọ inú kọ̀ǹpútà Equifax, wọ́n sì kó ìròyìn nǹkan bíi mílíọ̀nù 147 èèyàn lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn yẹn ò bá Equifax da nǹkan kan pọ̀ rí, ayánilówó ló gbé orúkọ wọn débẹ̀.

Bàbá Ìbejì
Gbogbo eléyìí ló jẹ́ kí n máa dúpẹ́ pé mi ò yáwó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Orúkọ tèmi mọ́ tónítóní.

Olùṣírò
Bàbá, ẹ má bínú o. Lójú ayánilówó, ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀ àti ẹni tí orúkọ ẹ̀ mọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà. FICO ò lè ṣírò máàkì fún ẹni tí kò bá ní ó kéré tán àkáǹtì kan tó ti tó oṣù mẹ́fà. Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ jẹ gbèsè. Káàdì kékeré kan tẹ́ ẹ fi ń sanwó epo, tẹ́ ẹ sì ń san gbogbo ẹ̀ padà lóṣooṣù, ó tó.

Bàbá Ìbejì
Mo gbọ́. Inú mi ò gbà á síbẹ̀.

Rónkẹ́_Alákàádì
Lórí ọ̀rọ̀ káàdì, ohun tí wọ́n kọ́ mi ni pé kí èèyàn má san án tán. Kó máa fi díẹ̀ sílẹ̀ lóṣooṣù kí máàkì lè gòkè.

Olùṣírò
Háà! Ẹni tó sọ ọ́ fún yín, ilé-iṣẹ́ káàdì ló ń ṣiṣẹ́ fún láìmọ̀. Èlé lásán lẹ̀ ń san. Ibi tí ìtàn yẹn ti wá ni pé FICO fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún sórí iye gbèsè tó wà lọ́rùn yín, pàápàá bó ṣe pọ̀ tó sí ìwọ̀n tí wọ́n gbà yín láyè láti ná. (Ìdá 35 ni bẹ́ ẹ ṣe ń sanwó lásìkò, ìyẹn ló tóbi jù, 15 ni bí àkọsílẹ̀ yín ṣe pẹ́ tó, 10 ni gbèsè tuntun, 10 ni oríṣi gbèsè tẹ́ ẹ ní.) Nínú ìṣirò yẹn, bí gbèsè bá ṣe kéré sí ìwọ̀n náà ló ṣe dára.

Ibi tó ti ń rú èèyàn lójú nìyí. Iye tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá tẹ ìwé ìṣirò oṣù jáde ni ilé-iṣẹ́ káàdì sábà máa ń fi ránṣẹ́ sí biúrò. Ọjọ́ ìsanwó ṣì wà níwájú nígbà yẹn. Ẹ lè máa san gbogbo ẹ̀ lóṣooṣù láìpẹ́ lọ́jọ́ kan, kí àkọsílẹ̀ sì máa fi hàn pé ẹ ti ná káàdì tán. Bẹ́ ẹ bá ń múra láti yá owó ńlá, ẹ san án kí wọ́n tó tẹ ìwé ìṣirò náà jáde. Bẹ́ ẹ ò bá ní í yáwó láìpẹ́, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, oṣù tó bá tẹ̀ lé e á pa á rẹ́.

Ẹ má sì tìtorí pé ẹ ò lo káàdì àtijọ́ mọ́ kẹ́ ẹ sáré lọ pa á dé, bí kò bá ń gbowó ọdún. Bẹ́ ẹ bá pa á dé, ìwọ̀n tí wọ́n gbà yín láyè á dín kù, gbèsè tó wà lórí èyí tó kù á wá dà bíi pé ó pọ̀ sí i.

Olùfọ̀rọ̀wẹ̀
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má da ara yín láàmú. Mo ní ọ̀nà àbáyọ tó ń pa gbogbo gbèsè burúkú rẹ́ láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ kọ́kọ́ san owó ìforúkọsílẹ̀, ẹ pè mí sórí [a ti yọ nọ́ńbà náà kúrò: Alábòójútó]

Amòfin Kékeré
Ẹ dúró ná, kí Alábòójútó má tíì lé e lọ, ó ti bá wa kọ́ ẹ̀kọ́. Ohun tó jẹ́ òótọ́ nínú àkọsílẹ̀ yín, kò sí ẹni tó lè yọ ọ́ kí àsìkò ẹ̀ tó pé. Ohun tó jẹ́ irọ́, ẹ̀yin fúnra yín lè ní kí wọ́n yọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, bí Akọ̀wé Àgbà ṣe là á sílẹ̀. Kí ló wá kù tí ẹ fẹ́ sanwó fún? Láti 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní ẹnikẹ́ni tó ń tún kírẹ́díìtì ṣe kò gbọdọ̀ gbowó kó tó ṣiṣẹ́. Àwọn míì á ní kẹ́ ẹ máa lo nọ́ńbà ìdánimọ̀ tuntun. Ìyẹn, ẹ̀wọ̀n ni.

Àsìkò tí mo ń wí: gbèsè tẹ́ ẹ kùnà láti san máa ń wà níbẹ̀ fún ọdún méje ní Amẹ́ríkà, mẹ́fà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwọko gbèsè tí ilé-ẹjọ́ fọwọ́ sí lè tó ọdún mẹ́wàá ní Amẹ́ríkà. Ọdún méje yẹn, láti ìgbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ kùnà ni wọ́n ti ń kà á. Bí wọ́n bá ta gbèsè náà fún ẹlòmíì, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ náà dáadáa, torí àwọn tó ń sin owó máa ń sún un síwájú.

Tèmilọ́rùn
Ẹ bá wa dá sí ti àwọn áàpù tó ń yáni lówó lórí fóònù. Wọ́n ń halẹ̀ pé àwọn á "fi wá sí biúrò".

Olùṣírò
Òmíràn nínú wọn ń ránṣẹ́ sí biúrò lóòótọ́, òmíràn ò tiẹ̀ mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ní Nàìjíríà, ẹ wo àtòjọ àwọn tí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, fọwọ́ sí kẹ́ ẹ tó gbà lọ́wọ́ wọn. Owó kékeré tí èèyàn fojú di ló máa ń ba àkọsílẹ̀ jẹ́ jù, torí àìsan ni àkọsílẹ̀ ń sọ. Kí ẹ má sì rò pé ẹ lè sá kúrò ní báńkì tó yá yín lówó. Láti oṣù kẹjọ 2020, ètò kan wà tí báńkì àpapọ̀ gbé kalẹ̀ tó ń jẹ́ kí báńkì tẹ́ ẹ jẹ lówó fa owó náà yọ nínú àkáǹtì yín ní báńkì míì, nípasẹ̀ BVN.

Bí nǹkan bá le, ẹ pe ayánilówó kí ọjọ́ ìsanwó tó kọjá. Ní Amẹ́ríkà, wọn kì í sábà fi sísan pẹ́ tó biúrò létí títí yóò fi pé ọgbọ̀n ọjọ́, ààyè wà láti tún un ṣe. Bẹ́ ẹ bá sì jọ fẹnu kò sí owó tó kéré sí gbèsè, ẹ gbà á ní kíkọ bí wọ́n ṣe máa kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀. "Ó san án tán" àti "a gbà á bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀" yàtọ̀ síra lójú ẹni tó bá ń kà á.

Rónkẹ́_Alákàádì
Èmi àti ọkọ mi àná jọ yá owó ilé. Adájọ́ ti ní òun ni kó máa san án. Ṣé ó ti bọ́ lọ́rùn mi?

Amòfin Kékeré
Rárá o, mà. Adájọ́ bá ẹ̀yin méjèèjì sọ̀rọ̀, kò bá báńkì sọ̀rọ̀. Lójú báńkì, ìwé tẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí ṣì wà, bó bá sì kùnà, orúkọ yín náà á bàjẹ́. Àfi kó yá owó tuntun ní orúkọ tiẹ̀ nìkan, kó fi san ti àtijọ́. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ ní kí báńkì máa fi ìwé oṣù ránṣẹ́ sí ẹ̀yin náà, kẹ́ ẹ lè mọ̀ bó bá fẹ́ kùnà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ tún kọ̀wé sí biúrò kí wọ́n tú okùn tó so yín pọ̀ nínú àkọsílẹ̀, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti pa gbogbo àkáǹtì àjùmọ̀ní dé.

Ẹyẹlé
Ta ló tiẹ̀ gbé iṣẹ́ yìí kalẹ̀, ká máa ṣọ́ ẹni tó jẹ gbèsè kiri?

Akọ̀wé Àgbà
Ó ti pẹ́. Ní 1841, Lewis Tappan dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní New York tó ń ta ìròyìn nípa àwọn oníṣòwò. Equifax fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Atlanta ní 1899, Retail Credit Company ló ń jẹ́ títí di 1975. Láyé ìgbà yẹn, wọ́n máa ń kọ òfófó mọ́ ọn: ẹni tó ń mutí, ẹni tí ìgbéyàwó ẹ̀ ò tòrò. Ariwo ìyẹn wà lára ohun tó bí òfin 1970 tó fún ará Amẹ́ríkà lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tó wà nínú fáìlì wọn, kí wọ́n sì ta kò ó.

Ọmọ Àjò
Ìbéèrè tèmi rèé, ẹ jọ̀ọ́. Mò ń kó lọ sí orílẹ̀-èdè míì. Mo ti ń san gbèsè mi déédéé láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣé àkọsílẹ̀ yẹn á bá mi lọ?

Olùṣírò
Kò sábà ń báni lọ, kódà bó bá jẹ́ pé biúrò kan náà ló wà níbi méjèèjì. Bí ẹni tuntun ni wọ́n á ṣe rí yín. Kẹ́ ẹ tó kúrò, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ báńkì yín pé ẹ ti ń san gbèsè lásìkò, kẹ́ ẹ sì tẹ àkọsílẹ̀ yín jáde. Àwọn onílé àti báńkì kan máa ń gbà á wò, àwọn míì ò ní í wò ó. Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ béèrè káàdì tí èèyàn ń fi owó ara ẹ̀ dúró fún, tí iye tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n tẹ́ ẹ lè ná. Kẹ́ ẹ tó gbà á, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń fi ìròyìn káàdì náà ránṣẹ́ sí biúrò, torí èyí tí wọn ò bá fi ránṣẹ́ kò ní kọ́ àkọsílẹ̀ kankan fún yín. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ̀ ń lọ, ẹ fi orúkọ yín sínú ìwé àwọn olùdìbò bí òfin bá gbà yín láyè, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ̀ pé lóòótọ́ lẹ ń gbé àdírẹ́sì yẹn. Ọmọ ilẹ̀ Nàìjíríà tó ní ìwé ìgbélùú lè forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọmọ Àjò
Gbèsè tí mo bá fi sílẹ̀ lẹ́yìn ńkọ́?

Olùṣírò
Ó ń dúró dè yín níbẹ̀, èlé ń gorí ẹ̀. Ẹ yí àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù yín padà lọ́dọ̀ wọn kẹ́ ẹ tó wọkọ̀, nítorí pé bí wọ́n bá ń fi ìwé ránṣẹ́ sí ilé tẹ́ ẹ ti kó kúrò, ẹ ò ní í mọ̀ títí tí wọ́n á fi tà á fún àwọn tó ń sin owó.